Ilẹ̀ Tí Ó Ti Ṣá: Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀ àti Olùkọ́ ní Agbègbè Ìbàfọ̀, Mówé àti Ìfọ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú tọ̀ yín wá lẹ́ẹ̀kan yìí, inú oko ni a ti kọ́kọ́ bá a pàdé, kì í ṣe inú ìwé. Ní oṣù Keje, a lọ kí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní oko wọn, tí ó wà lẹ́yìn ojú ọ̀nà tí ó ti Mówé lọ sí Ọ̀fàdà. Àgbàdo ni wọ́n ń ya lọ́wọ́. Nígbà tí a kí wọn tán, wọ́n mú ọ̀kan nínú agbọ̀n, wọ́n bó o, wọ́n sì nà án sí wa. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, eyín rẹ̀ sì wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹnu ọmọdé tí ó ń pààrọ̀ eyín.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin Alùfáà, ẹ wò ó. Ilẹ̀ yìí kan náà ni bàbá àwọn ọmọ mi ń kọ ebè iṣu sí, tí ọkọ̀ Èkó ń wá kó o. Kí ni mo fi ṣe é tí ó fi ń bínú sí mi?"

A dá wọn lóhùn pé, "Ìyá, ilẹ̀ kò bínú sí yín o, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì wí pé, "Bí ó bá rẹ ènìyàn, ènìyàn a sùn. Bí èyí bá sùn, níbo ni n ó dá oko sí?"

Ọ̀rọ̀ yìí bá wa délé. Ìdáhùn tí a fún wọn kò ná wa ní ohunkóhun, kò sì fi ìkan kún agbọ̀n wọn. Nítorí náà ni a ṣe jókòó láti wádìí ohun tí ó mú kí ilẹ̀ ṣá, àti ohun tí ẹni tí kò ní ju ilẹ̀ kan ṣoṣo lọ lè ṣe sí i.

Kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ilẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa. Wọ́n ya ilẹ̀dú sọ́tọ̀ kúrò lára yanrìn, wọ́n ya yanrìn kúrò lára amọ̀, àti amọ̀ kúrò lára yangí, wọ́n sì mọ irúgbìn tí ó bá olúkúlùkù wọn mu. Èyí tí ń bọ́ irúgbìn jùlọ ni ilẹ̀dú, ìpele tí ó wà lókè pátápátá. Ewé tí ó rà, gbòǹgbò tí ó kú, ìgbẹ́ ekòló, àti àìmọye ẹ̀dá kékeré tí ojú lásán kò lè rí, ni ó para pọ̀ di dúdú náà. Ní ọ̀pọ̀ oko agbègbè wa, kò nípọn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbogbo iṣu àti àgbàdo tí a ti jẹ láti ìgbà ìwásẹ̀, láti inú ìbú àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni ó ti wá.

Láti Ìbàfọ̀ dé Ìfọ̀, orí yanrìn àti amọ̀ àtijọ́ tí omi kó jọ ni a tẹ̀dó sí. Kì í ṣe orí àpáta bí àwọn ará Abẹ́òkúta. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rọ ọkọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò lè di oúnjẹ irúgbìn mú. Òjò a máa fọ oúnjẹ náà lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò àgbàdo kò lè dé. Ilẹ̀dú ni àpò tí oúnjẹ náà wà nínú rẹ̀. Bí àpò bá ti ya, ohun yòówù tí a bá dà sínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò gbà jáde.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni igbó ńlá ṣe hù lórí irú ilẹ̀ tálákà báyìí? Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, P. H. Nye àti D. J. Greenland, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1960. Igbó ni ó ń bọ́ ara rẹ̀. Gbòǹgbò igi a wa oúnjẹ láti ìsàlẹ̀, igi a fi ṣe ewé, ewé a já bọ́, a rà, gbòǹgbò a sì tún gbé e. Nígbà tí àgbẹ̀ bá ṣán igbó náà tí ó sì sun ún, ohun tí igbó fi ogún ọdún kó jọ ni ó ná ní ọjọ́ kan. Ìdí nìyí tí iṣu ọdún kìíní fi ń tóbi. Ní ọdún kejì, àgbàdo a ṣe díẹ̀. Ní ọdún kẹta, ẹ̀gẹ́ ni ó kù tí ó lè fara dà á. Nígbà náà ni àwọn baba wa máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí igbó yóò fi tún dí. Òfin tí a fi fún Ísírẹ́lì nínú ìwé Léfítíkù orí 25, pé kí ilẹ̀ sinmi ní ọdún keje, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ti ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ wọn.

Ohun tí ó yí padà ni ààyè. Ní ọdún 1978 ni a ṣí ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, ọdún náà gan-an ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ sì jáde. Ní ọdún 1983 ni Ìjọ Ìràpadà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ ní ibùdó wọn lẹ́bàá Mówé. Igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà. Lónìí, ilé kò já mọ́ láti Ìbàfọ̀ dé ibùdó náà, àti kọjá rẹ̀. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nítorí ó kọ́lé. Àwa pàápàá kì í sùn lórí igi. Ṣùgbọ́n kí á wo ohun tí ó dé bá oko. Ẹbí tí ó ní oko mẹ́fà, tí ó ń gbin ọ̀kan tí ó sì ń fi márùn-ún sinmi, ti ta márùn-ún náà. Ọ̀kan tí ó kù kò ní ọjọ́ ìsinmi kankan.

Àwọn mìíràn wà tí ọ̀ràn tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ń gba ọ̀nà Mówé kọjá ti rí i: ẹ̀gẹ́ àti ilá tí a gbìn sí àárín àwọn òkúta ààlà tí awọnlẹ̀ ti rì mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà ti ní olówó, ṣùgbọ́n olówó kò tíì múra láti kọ́lé. Ẹni tí ó ń dáko níbẹ̀ kò mọ̀ bóyá katakata yóò dé lọ́la tàbí lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ta ni yóò gbin igi sí irú ibẹ̀, tàbí kó ìgbẹ́ adìẹ wá sí i? Ohun tí ó bá lè rí gbà kíákíá ni yóò gbà. Bí katakata bá sì dé ní tòótọ́, ilẹ̀dú náà ni ó kọ́kọ́ ń há kúrò. Wọn a wọ́ ọ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí pàǹtí. A ti rí ibi tí onílé há ilẹ̀dú rẹ̀ dànù tán, tí ó sì tún lọ fi owó ra ilẹ̀ dúdú láti fi gbin òdòdó sí ẹnu ọ̀nà.

Kì í ṣe ìgbà yìí ni ilẹ̀ yanrìn ìhà ìsàlẹ̀ yìí ti kọ́kọ́ kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Ọ̀gágun ọkọ̀ ojú omi J. P. L. Davies, ọkùnrin Kristiani kan tí ó ti ran ilé ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. ní Èkó lọ́wọ́ nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1859, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjàn, ní ìhà Agége. J. K. Coker àti àwọn mìíràn tẹ̀lé e, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe ti kó èso kòkó àti ìmọ̀ rẹ̀ padà sí ìlú wọn ní òkè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kòkó fẹ́ ni ilẹ̀ tí ó jinlẹ̀, tí ó sì lè di omi mú. Ilẹ̀ Agége kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn igi náà gbó kí ìgbà wọn tó pé, àwọn olóko sì ń fi obì gbànjà dípò wọn díẹ̀díẹ̀, títí tí gbànjà Agége fi di ohun tí àwọn oníṣòwò Hausa ń wá. Kòkó lọ gbilẹ̀ ní Ifẹ̀ àti Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ wọn ti inú àpáta wá. Àwọn olóko wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Wọ́n rí i pé ilẹ̀ kọ̀, wọ́n sì yí ohun ọ̀gbìn wọn padà. Nígbà náà, wọ́n ṣì ní ibi tí wọ́n lè yí sí.

Nísinsìnyí, ẹ̀gẹ́ ni a yí sí, ẹ̀gẹ́ sì ni ó ń tàn wá jẹ jùlọ. Ní ìhà Ìfọ̀ àti ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láfún, fùfú àti gàrí ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ. Nàìjíríà ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jùlọ ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n bí a bá pín in sórí ilẹ̀ tí a fi gbìn ín, ohun tí a ń rí lórí hẹ́kítà kan kò pé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, nígbà tí oko ìwádìí ń rí ìlọ́po méjì rẹ̀ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gẹ́ a máa hù lórí ilẹ̀ tí gbogbo irúgbìn yòókù ti kọ̀. Nítorí náà, àgbẹ̀ kò tètè mọ̀ pé ilẹ̀ òun ti tán. Pẹ̀lúpẹ̀lú, ẹ̀gẹ́ ń gbé pọ́táṣì púpọ̀ lọ nínú iṣu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ń dá nǹkan kan padà. Èèpo rẹ̀ ń jó lórí òkìtì lẹ́bàá ibi tí a ti ń rọ gàrí, omi kíkan tí a fún lára rẹ̀ sì ń ṣàn sí ojú kan títí koríko kò fi hù níbẹ̀ mọ́. A ń sun oúnjẹ oko ní abúlé, a sì ń wá owó ajílẹ̀ kiri ìgboro.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti òjò. Àwọn àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àgbẹ̀ ni ó ń gbà fún un. Bí òjò bá lu ilẹ̀ tí nǹkan kan kò bò, ẹ̀kán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan a fọ́ èérún ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà a dí ojú ihò tí omi ń gbà wọlẹ̀, omi tí kò rí ọ̀nà wọlẹ̀ a sì di àgbàrá. Kí ẹ̀yin olùkọ́ ṣe ìṣirò yìí fún àwọn ọmọ. Hẹ́kítà kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún mítà ní gígùn àti ọgọ́rùn-ún mítà ní ìbú. Bí àgbàrá bá há ìpele kan tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ kúrò lórí rẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ tí ó lọ jẹ́ mítà oníhà mẹ́ta 10, èyí tí yóò wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹrù ọkọ̀ akóyanrìn kan ni. Àgbẹ̀ náà kò ní rí i pé ohunkóhun ti lọ, nítorí ta ni ó lè fi ojú rí mìlímítà kan? Ilẹ̀ tí ó sì lọ náà, èyí tí ó dára jù ni.

Ọ̀mọ̀wé Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí ó ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn tí à ń pè ní IITA ní Ìbàdàn láti ọdún 1970, wọn irú àgbàrá bẹ́ẹ̀ lórí àwọn oko onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó rí i pé níbi tí a bá fi koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo bo ilẹ̀ dáadáa, ilẹ̀ tí ń lọ fẹ́rẹ̀ má tó nǹkan, àní bí ilẹ̀ náà tilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Níbi tí a bá ti ro ó mọ́ tónítóní, àgbàrá a kó o. Ní ọdún 2020 ni a fún ọkùnrin náà ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ohun tí ó fi kọ́ wa kò nílò owó. Ó lòdì sí ìwà tónítóní wa ni.

Nítorí kí á sọ òtítọ́, àwa pàápàá jẹ̀bi. Fún ọdún mélòó kan, ní ọgbà ilé ìjọ tí a wà, a máa ń mú kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbá abẹ́ igi máńgòrò ní àràárọ̀ Sátidé, kí wọ́n kó ewé rẹ̀ jọ, kí wọ́n sì dáná sun ún. A kà á sí ìmọ́tótó. Èéfín náà sì ń gbé oúnjẹ ilẹ̀ tí à ń pè ní náítírójìn lọ sí òfuurufú. Eérú díẹ̀ ni ó ń kù, òjò kan ni ó sì ń fọ òun náà lọ. Gbòǹgbò igi náà yọ síta bí egungun, a sì ń ṣe kàyéfì.

A kò kọ ajílẹ̀ inú àpò. Àpò kan tí ó wọn kílò 50, tí a kọ 15-15-15 sí lára, ní kílò méje ààbọ̀ nínú oúnjẹ ńlá mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi í sí ìdí àgbàdo ní àkókò tí ó yẹ yóò rí èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí kò ní ilẹ̀dú mọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òjò ń gbà. Bí a bá sì ń lò ó nìkan lọ́dọọdún láìfi nǹkan tí ó rà kún un, ilẹ̀ a máa kan. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún àpò rán.

Ọ̀nà tí a fi lè rán an, a ti mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ wa tipẹ́. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ní oko ìjọba ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, a dán ẹ̀wà kan wò tí a ń pè ní mukúnà, ìbátan wèrèpè ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ yìí kì í yún ni lára. Ó ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ sí gbòǹgbò rẹ̀, ó ń bo ilẹ̀ pátápátá, nígbà tí ó bá sì kú, a di ilẹ̀dú. Ilẹ̀ gbà á; àwọn àgbẹ̀ kò gbà á. Èé ṣe? Nítorí nígbà náà igbó ṣì pọ̀. Kí ni ènìyàn yóò máa gbin ohun tí a kì í jẹ fún, nígbà tí igbó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́? Àwọn àgbẹ̀ ni ó ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀ràn náà nígbà náà, kì í ṣe àwọn òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Benin, lórí ilẹ̀ pupa tí ó ti ṣá, níbi tí ènìyàn pọ̀ tí igbó kò sì sí mọ́, a tún mú un wá ní ọdún 1987. Àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Mono ni ó kọ́kọ́ gbà á; kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tí ó wù wọ́n kì í ṣe ilẹ̀dú rárá. Èkan ni! Mukúnà bo èkan mọ́lẹ̀ títí ó fi kú, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ ìnira ríro rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbin àgbàdo sí ibẹ̀, wọ́n rí i pé ó yọmọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ó ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: ìgbà òjò kejì kan gbáko ni a kò ní fi gbin oúnjẹ sí ibẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò lè fi gbogbo oko rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fi ẹ̀kọ́ yìí sí ojú pátákó nìkan. Ẹ mú àwọn ọmọ jáde, kí ẹ gbẹ́ ihò méjì tí ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ọ̀kan lábẹ́ igi àtijọ́ kan, èkejì ní àárín oko ẹ̀gẹ́. Kí wọ́n fi rúlà wọn ìpele dúdú náà níbi méjèèjì, kí wọ́n sì ka ekòló tí wọ́n bá rí. Kí wọ́n bu ògúlùtu gbígbẹ kan láti inú ihò kọ̀ọ̀kan sínú ife omi. Èyí tí ó ti abẹ́ igi wá yóò pẹ́ kí ó tó fọ́. Ti oko ẹ̀gẹ́ yóò sì yọ́ lójú ẹsẹ̀ bí ṣúgà. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣe èyí, ọmọbìnrin kékeré kan ka ekòló mọ́kànlá ní ihò kìíní, kò sì rí ẹyọ kan ní ihò kejì. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé níbo ni wọ́n lọ. A rò pé ìbéèrè rẹ̀ sàn ju ìwàásù wa lọ.

A padà tọ ìyá àgbà wa lọ ní oṣù Kẹjọ. A bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n má fi gbogbo oko sùn, bí kò ṣe ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan lọ́dún: mukúnà yóò wà ní apá kan, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní apá mẹ́ta yòókù, apá tí ó bá sinmi ní ọdún yìí ni a ó gbin àgbàdo sí ní oṣù Kẹta ọdún tí ń bọ̀, láìsun ohunkóhun. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn máa kó èèpo ẹ̀gẹ́ láti ibi gàrí wá sí ẹ̀bá oko, kí ó rà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí a tó wọ́n ọn sí poro. Wọ́n béèrè ohun kan lọ́wọ́ wa tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín mọ̀: ṣé ẹ̀wà náà ṣe é sè jẹ? Kò ṣe é sè bí ẹ̀wà ilé. Ó ní oògùn líle nínú tí ń mú orí yí ni tí ó sì ń mú ni bì. Kí a so èso tí a bá tọ́jú fún gbígbìn mọ́ inú ìgò, kí a dé e, kí a sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.